Ìpinnu Tí A Ti Ṣe, Ṣé A Lè Padà Sórí Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìmúrasílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò

 

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó kó wa jọ. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó kọjá, àbá kan wọlé pé kí ẹ̀ka wa yọ owó nínú àpò ìrànlọ́wọ́, àpò tí a fi ń bá ọmọ ẹgbẹ́ sìnkú, tí a sì fi ń gba ẹni tí àìsàn bá dá dúbúlẹ̀ sílẹ̀, kí a fi san àsansílẹ̀ ilẹ̀ tí a ó kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé sí. A dìbò. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn borí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi borí kò ju iye ènìyàn tí ó lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lọ. Láti ọjọ́ náà ni ariwo kò ti dáwọ́ dúró nínú ọgbà iṣẹ́ wa. Àwọn tí ó borí ń sọ pé ó ti parí, pé ẹni tí kò wá ni ó kọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ òru lọ́jọ́ náà ní àwọn takò ó. Wọ́n ti kó orúkọ jọ sórí ìwé, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní orúkọ tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ó dìbò gbè é lọ, nítorí náà ìpinnu náà ti dòfo.

Àwa kò wá sọ fún yín pé kí ẹ ra ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí wọ́n ní kí á wá là yé ara wa ni ìlànà: nígbà wo ni a lè takò, ta ni ó lè mú ọ̀rọ̀ tí a ti dìbò lé lórí padà wá, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà. Owó ìsìnkú àwọn òbí wa àti owó ilé ìwòsàn wa ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìtakò kì í ṣe àtúnyẹ̀wò. Ìtakò ni kí ènìyàn dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ó ní, "Alága, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kò bá ìlànà mu." Àtúnyẹ̀wò ni kí ilé tí ó ti dìbò tán gbà láti tún ọ̀rọ̀ kan náà gbé kalẹ̀. Àkókò ìtakò kúrú púpọ̀. Igi gànnàngànnàn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí igi bá ti wọ ojú, oníṣègùn ni yóò wá kiri, kì í ṣe alága ìpàdé.

Ẹ wo abala 54 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé ni ó gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí iṣẹ́ tó lọ. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà tí ènìyàn 109 wà, ènìyàn 37 nìyẹn. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin tí ènìyàn 360 wà, 120 ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí bí òfin náà ṣe sọ ọ́: bí ọmọ ilé kan tí ó wà níbẹ̀ bá dìde, tí ó takò pé àwọn kò pé, nígbà náà ni alága yóò dúró díẹ̀, yóò ka orí, bí wọn kò bá sì tíì pé, yóò tú ìjókòó ká. Ohun tí ó ń tú ìjókòó ká níbẹ̀ ni ohùn ẹni kan tí ó dìde. Ní ọjọ́ ìpàdé wa, àwọn kan tí wọ́n wà níbẹ̀ rí i pé àga ṣófo púpọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ sí ara wọn létí. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ sí alága. Ohun tí a bá sọ sí etí ọ̀rẹ́ kì í wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbò tí a fi ohùn dì. Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò: àwọn kan kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan kígbe pé bẹ́ẹ̀ kọ́, alága ní etí òun gbọ́ pé àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó pọ̀ jù, ó sì lu òòlù. Ẹni tí ó bá rò pé etí alága kò gbọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó ní kí wọ́n pín ilé sí méjì kí wọ́n sì ka orí. Bí ó bá di pé wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti pẹ́ jù.

Ìtakò tún ní ìwọ̀n tirẹ̀, kì í ṣe ohùn nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1887 ni wọ́n fi ń ka ìbò ààrẹ ní ilé ìgbìmọ̀ wọn. Òfin náà ní ẹni tí ó bá fẹ́ takò ìbò ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kéré tán kí aṣojú kan fọwọ́ sí i, kí sẹ́nétọ̀ kan náà sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 2001, àwọn aṣojú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti takò ìbò Florida. Al Gore, ẹni tí ìbò náà gbé ṣubú gan-an, ni ó jókòó sórí àga alága gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ. Ó ń bi wọ́n bóyá sẹ́nétọ̀ kan bá wọn fọwọ́ sí i. Kò sí. Ó sì ń dá wọn jókòó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tì sẹ́yìn. Ní ọdún 2005, sẹ́nétọ̀ kan, Barbara Boxer, fọwọ́ sí ìtakò lórí ìbò Ohio. Ilé méjèèjì pínyà, wọ́n jíròrò, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ó kùnà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ, ó sì wọ ìwé. Ní ìparí ọdún 2022 ni wọ́n yí òfin náà padà: láti ìgbà náà, ìdá kan nínú márùn-ún ilé kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìtakò tó lè dá iṣẹ́ dúró.

Ó tó nípa ìtakò. Ẹ jẹ́ kí á wá sún mọ́ ilé, níbi tí ọ̀rọ̀ àtúnyẹ̀wò ti dun ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ egungun.

Ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 2013, Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá ń dìbò lórí àtúnṣe Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀. Wọ́n dé abala 29, tí ó sọ nípa ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Òfin ní ẹni tí ó bá ti dàgbà nìkan ni ó lè ṣe é, àgbà sì ni ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀: obìnrin tí ó bá ti ní ọkọ, àgbà ni a ó kà á sí. Kò sọ iye ọdún rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó àtúnṣe ní kí wọ́n pa gbólóhùn náà rẹ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, èyí tí í ṣe 73. Wọ́n dìbò, ó pé, ó sì lé. Gbólóhùn náà ti kú.

Ìgbà náà ni Sẹ́nétọ̀ Ahmed Yerima láti Zamfara dìde. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe takò òfin Ìsìláàmù. Ó tọ́ka sí ẹsẹ 61 nínú àkójọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan, níbi tí a ti yọ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá. Ariwo sọ. David Mark, tí ó jẹ́ Ààrẹ Ilé nígbà náà, tún gbé e kalẹ̀ fún ìbò. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò pé 73 mọ́. Gbólóhùn tí ó ti kú jí padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ náà sọ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ilé gbọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà ìjíròrò ni àyè rẹ̀, kí ìbò tó wáyé. Nígbà tí ó di ẹ̀yìn ìbò, kò tún jẹ́ ìtakò mọ́, ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ilé pa ìpinnu rẹ̀ dà. Ìlànà ilé náà fúnra rẹ̀ sì ní ohun tí a bá ti pinnu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un gbé dìde nínú sáà kan náà àfi pẹ̀lú àbá gidi tí ó sọ pé kí a wọ́gi lé ìpinnu náà. Ìbò kejì náà tún yí ìdí ọ̀rọ̀ padà. Lórí jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi dìbò àkọ́kọ́. Nígbà tí wọn yóò fi dì í lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó sì nira fún ẹlòmíràn láti na ọwọ́ sókè níṣojú àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀. Àwọn obìnrin fi ìbínú tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ gbà pé ṣe ni ilé fi òfin gbe ìgbéyàwó ọmọdé, bẹ́ẹ̀ abala 29 kò sọ iye ọdún ìgbéyàwó rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni ó sọ ọ́, 18 ni ó sì pè é. Ìlànà tí a fò ni ó fa èyí: kò sí àkókò tí a fi la ọ̀rọ̀ yé ara ilé, ká má tíì sọ ará ìlú.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é? Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ó dáyé ṣáájú wa là.

Àwọn ará Ìlú Ọba le púpọ̀. Ní ilé ìgbìmọ̀ wọn, ohun tí a bá ti dìbò lé lórí, a kì í tún un gbé wá nínú sáà kan náà. Ìlànà yìí ti wà láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1604. Ẹni tí ó bá rò pé òfin tí ó gbó tó bẹ́ẹ̀ ti kú, kí ó bi Theresa May léèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn ọmọ ilé fi ìbò 432 sí 202 kọ àdéhùn tí ó bá àwọn ará Yúróòpù ṣe. Ó tún gbé e wá ní oṣù kẹta, wọ́n tún fi 391 sí 242 kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, alága ilé, John Bercow, dìde, ó ka ìlànà 1604 sí ìjọba létí, ó ní bí kò bá sí ohun tí ó yàtọ̀ nínú rẹ̀, òun kò ní í gbà á. Obìnrin náà gé àdéhùn sí méjì, ó gbé apá kan wá ní ọjọ́ 29, wọ́n sì fi 344 sí 286 kọ èyí náà. Ohun tí ìlànà yìí ń dáàbò bò ni pé kí alágbára má fi àárẹ̀ mú ènìyàn títí wọn yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwa òṣìṣẹ́ mọ irú ìyẹn dáadáa lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣí ìlẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀. Henry Robert, ọ̀gágun onímọ̀ ẹ̀rọ, tí ìpàdé ìjọ kan tí wọ́n ní kí ó darí ní ọdún 1863 dàrú mọ́ lọ́wọ́, kọ ìwé ìlànà ìpàdé jáde ní ọdún 1876, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń tẹ̀lé káàkiri ayé. Nínú ìlànà yẹn, a lè tún ìbò yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ìhà tí ó borí nìkan ni ó lè dá àbá náà, ní ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ ìjókòó tí ó tẹ̀ lé e nínú ìpàdé kan náà. Ẹnikẹ́ni lè kín in lẹ́yìn. Ẹ rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a borí ni a fún ní àyè, yóò máa gbé e wá ní gbogbo ìgbà, kò sì sí ìpàdé tí yóò parí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú àwọn tí ó borí bá sọ pé òun ti rò ó wò, ìyẹn jẹ́ àmì pé ọkàn ilé ti yí. Nítorí èyí ni ẹ ó ṣe rí olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ilé Sẹ́nétì Amẹ́ríkà tí yóò dìbò takò àbá tirẹ̀ bí ó bá rí i pé yóò kùnà, kí ó lè wà ní ìhà tí ó borí. Harry Reid ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2013 lórí yíyan Patricia Millett sípò adájọ́. Ní oṣù kọkànlá ó padà gbé ìbò náà dìde, ibẹ̀ ni ó sì ti fi ìbò 52 sí 48 yí ìlànà gbogbo ilé padà. Ọgbọ́n àgbà ni, bí ẹ bá fẹ́ ẹ pè é ní ọgbọ́n àyínìke.

Bí àkókò àtúnyẹ̀wò bá ti kọjá, ó ku wíwọ́gi lé ìpinnu. Èyí kò ní ọjọ́, ẹnikẹ́ni sì lè dá àbá rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tí a borí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti fi tó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ létí ṣáájú, kí ìbò tí ó pọ̀ jù tó lè mú un; bí a kò bá fi tó wọn létí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò gbà. A kò sì lè wọ́gi lé ohun tí a ti ṣe tán tí kò ṣeé dá padà. Owó tí ó ti wọ ọwọ́ onílẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, ta ni ó rí i gbà padà rí?

Ẹ tún rántí pé wíwọ́gi lé kì í ṣe yíyí padà. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2022, ilé méjèèjì ní Àbújá kọ àwọn àbá òfin márùn-ún tí ó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin, wọn kò lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, Ilé Aṣojú-ṣòfin lábẹ́ Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà wọ́gi lé ìpinnu rẹ̀ lórí mẹ́ta nínú wọn. Ayọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ náà ni ìlẹ̀kùn tí a tún ṣí; ìbò gan-an ṣì wà níwájú, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ó wá kan ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa iṣẹ́ òru fọwọ́ sí. Àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn kò gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1962. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn tí ó ju ìdajì lọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Olóyè Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, fi ìwé náà yọ ọ́, ó fi Alhájì Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní irọ́ ni, inú ilé ni a ti ń dìbò, kì í ṣe lórí ìwé. Ní ọjọ́ 25, nígbà tí ilé jókòó láti dìbò náà, àga ni wọ́n fi takò, kì í ṣe ẹnu. Ọlọ́pàá yin tíágáàsì, ìbò kò wáyé, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níhìn-ín sọ pé inú ilé ni ìbò gbọ́dọ̀ ti wáyé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, Prífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ìwé tó. Ilé Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn sì sáré yí òfin padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má baà rí ẹsẹ̀ tẹ̀ sí. Àwọn adájọ́ ńlá ńlá jiyàn lórí bóyá ìwé lè dípò ìbò. Kí ni ó máa fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀ka wa láti jà lé lórí?

Èrò tiwa ni pé ìwé náà kò pa ìpinnu rẹ́. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò gbọ́ ohun tí akápò ní í sọ, kò sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí a dà á nù. Ìkéde ni, ìkéde ńlá sì ni, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ kí a tún jókòó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe ní ọdún 2005 fẹ́ kí a tó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ni ó ní kí ó dìbò gbà á, kì í ṣe ti àwọn tí ó wà níjòókòó nìkan. Wọn kò ṣe òfin yẹn láti gbè wá, a mọ̀. Síbẹ̀ bí a bá ń ka ẹni iṣẹ́ òru mọ́ ara wa lọ́jọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀, ó yẹ kí a kà á lọ́jọ́ tí a ń ná owó ìsìnkú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a bá Bàbá Alága àti akọ̀wé sọ nìyí, wọ́n sì ti gbà. Akápò kò ní í san kọ́bọ̀ fún onílẹ̀ kí ìpàdé tó wáyé. Àbá pé kí a wọ́gi lé ìpinnu náà yóò wà lára pátákó ìkéde fún ọjọ́ 14 gbáko, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó dá a àti ẹni tí ó kín in lẹ́yìn. Bí ẹnì kan nínú àwọn tí ó dìbò gbe ilẹ̀ rírà bá fẹ́ dá àbá náà, yóò dùn mọ́ wa, nítorí yóò pa ẹnu àwọn tí ó ń sọ pé ìjà ìhà méjì ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òwúrọ̀ bá ń gbapò ara wọn, ni a fi ìpàdé sí, àwọn ti òru náà yóò sì ti sùn díẹ̀. A ó ka orí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìbò méjì ni a ó dì: àkọ́kọ́, bóyá kí a wọ́gi lé e, bí ilé bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó wá jíròrò lórí ilẹ̀ náà bí ẹni pé a kò sọ ọ́ rí, a ó sì dìbò kejì. Bí ilé kò bá gbà, ìpinnu àkọ́kọ́ dúró, akápò yóò sì lọ bá onílẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ẹni tí ó bá ní ìtakò sí ètò yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni kí a rí nísinsìnyí.